Wolé-wolé Ilé Onílé

Irọ́ kan ṣoṣo ni mo pa fún ìyá mi láti ìgbà tí mo ti fi ilé sílẹ̀, irọ́ náà kò sì ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ó bi mí lórí fóònù pé iṣẹ́ wo ni mo rí ṣe ní Ìlú Ọba. Mo wo ọwọ́ mi, tí òórùn òògùn eku kò kúrò lára rẹ̀ bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó, mo sì dá a lóhùn pé, "Màmá, wolé-wolé ni mí."

Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀ lè má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ létí ìyá mi. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìlaròó, wolé-wolé ni ọkùnrin ìjọba tó máa ń wọ aṣọ kakí, tó ń dé fìlà, tó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, tó ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji, ọmọ ẹ̀fọn, wà níbẹ̀. Tó bá ti rí i, kóòtù yá. Lọ́jọ́ kan ó rí i nínú ìkòkò ìyá ìyá mi. Bí ẹni ń sọ ìtàn ogun ni ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa, bí ìyá rẹ̀ ṣe kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, tó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, tó ń bẹ ọkùnrin tí kò ju àkọ́bí rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, tí wọ́n sì mú un lọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní gbogbo Sátidé ni mo máa ń fọ dírọ́ọ̀mù omi wa ní Ìbà, láti ìgbà tí ọwọ́ mi ti tó ẹnu rẹ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí mo gbéra. Ìyá mi á dúró tì mí, á ní, "Fọ ìdí ẹ̀ dáadáa, kí wolé-wolé má baà gbé mi." Ẹ̀rín la máa ń fi rín, nítorí kò sí wolé-wolé kankan tó ń ya àdúgbò wa mọ́.

Òótọ́ iṣẹ́ mi rèé: eku ni mo ń pa. Mo ń pa eku, mo ń pa aáyán, mo ń pa ìdun nínú ilé onílé. Ẹni tó bá ti gba Ìyànà Ìbà kọjá rí mọ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Òun ni bàbá tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọ́ èjìká, tó to òkú eku sórí páálí, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ké ohun kan náà láti àárọ̀ títí dalẹ́. A máa ń sín in jẹ nígbà tí a wà ní kékeré. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì, tí ìyá mi dá aṣọ tuntun fún lọ́jọ́ tí mo gboyè, báwo ni mo ṣe fẹ́ pè é láti òkè òkun kí n sọ pé mo ti di bàbá olóògùn eku? Ni mo bá fi wolé-wolé bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá mi sunkún ayọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó dìde nínú ìjọ aláṣọ funfun tó ń lọ, ó jẹ́rìí pé ohun tó pa ìyá òun lẹ́kún láyé àtijọ́, ọmọ òun ni ọ̀gá nídìí rẹ̀ báyìí lọ́dọ̀ òyìnbó. Gbogbo ìjọ ní halelúyà.

Opó ni ìyá mi. Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán fún àwọn ọmọ sójà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò jìnnà sí géètì bárékè Ọ̀jọ́. Ó lè fi ojú lásán wo ọmọ kó mọ bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kó sì rán aṣọ tí yóò bá a mu láìfa téèpù. Èmi àti àbúrò mi obìnrin, Ṣadé, nìkan ló bí. Nígbà tí mo lọ, Ṣadé ló kù tì í.

Ti ọ̀nà tí mo gbà dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Apá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo balẹ̀ sí, nínú ìlú kan tí ilé rẹ̀ dúró ní ìlà, tí gbogbo wọn jọra wọn. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí ẹni tó ń fi gbohùngbohùn wàásù, kò sí ẹni tó ń wúkọ́ lódìkejì ògiri kí ènìyàn mọ̀ pé òun kò dá wà. Mo dùbúlẹ̀ nínú yàrá tí mo háyà, mo wo ògiri, mo wo àjà, n kò rí ọmọńlé kan ṣoṣo. Nílé, ọmọńlé mẹ́ta ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ gílóòbù pálọ̀ wa, ìyá mi kì í sì jẹ́ ká fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní wọn kì í ṣe àlejò, orúkọ wọn ti sọ ọ́ pé ọmọ ilé ni wọ́n. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ìlú yìí mọ́ jù, kòkòrò kò lè gbé e. Mo kàn ń tan ara mi ni.

Nígbà tó di oṣù kẹwàá, tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í já, fóònù ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ mọ́ títí ọdún fi parí. Kẹ́n ni orúkọ rẹ̀. Àgbà òyìnbó kan ni, tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ àfi tó bá kan ọ̀ràn eku. Inú ọkọ̀ rẹ̀, láàárín ilé kan sí èkejì, ló ti kọ́ mi ní òtútù.

Ó ní gbogbo ohun tó ń yọ ènìyàn lẹ́nu nínú ilé ló ní ọgbọ́n tó ń ta fún òtútù. Èkúté kì í sun òtútù mọ́jú níta. Á fi pápá sílẹ̀, á wá ihò tí kò fẹ̀ ju ìdí bíró lọ, á gba ibẹ̀ wọlé, á fi òwú tí wọ́n ń kì sínú ògiri nítorí òtútù tẹ́ ibùsùn. Aáyán kò lè fara da òtútù rárá, nítorí náà ẹ̀yìn fíríìjì, níbi tí mọ́tò rẹ̀ ti ń gbóná, ló fi ń ṣe ilé, á sì máa bímọ níbẹ̀ bí ẹni pé Okokomáíkò ló wà nínú oṣù kẹta. Ìdun á lẹ̀ mọ́ ìdí ibùsùn, tí kò bá sì rí ẹ̀jẹ̀ mu, á gbààwẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Irú eṣinṣin kan wà tó máa ń wọ àjà lọ́pọ̀lọpọ̀, wọ́n á sùn pọ̀ síbẹ̀ títí oòrùn á fi padà. Kò sí èyí tó borí òtútù nínú wọn, Kẹ́n ló sọ bẹ́ẹ̀. Ooru ẹlòmíràn ni gbogbo wọn ń yá lò. Mo wo ìta fèrèsé ọkọ̀, nítorí ó ṣe mí bí ẹni pé èmi ló ń bá wí.

Lọ́jọ́ kan tí a ń wá ihò eku kiri lẹ́yìn ilé kan, mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ wa, a máa ń sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ó ní kí n tún un sọ. Ó dúró nínú òtútù, ó rò ó, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún onílé kan bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Inú mi dùn fún odidi ọjọ́ méjì. Mo kà á sí ìṣẹ́gun, nítorí ohun tí mo mú láti ilé wá ti rí ibì kan dúró sí.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, mo wá mọ ilé wọn ju bí àwọn fúnra wọn ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Mo mọ abẹ́ síńkì wọn àti ẹ̀yìn ibùsùn wọn, mo sì mọ ohun tí ọkọ ń fi pamọ́ sí àjà kí ìyàwó má rí i. Tí mo bá sì ti kó òkú eku mi sínú àpò, wọ́n á ti ilẹ̀kùn tẹ̀lé mi. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo ilé tí mo wò yẹn, kò sí èyí tó sọ mí ní nǹkan kan. "Ẹni eku" ni wọ́n ń pè mí tí wọ́n bá ń pe ara wọn wá sẹ́nu ọ̀nà.

Obìnrin àgbà kan wà tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀ wá lọ́wẹ̀ fún. Ìlú mìíràn ni ọmọ náà ń gbé, ó ní òun gbọ́ ìró eku nígbà tí òun wá kí ìyá òun kẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, ìyá àgbà náà kò kọ́kọ́ jẹ́ kí n wọ ilé ìdáná. Ó se tíì fún mi, ó ní kí n jókòó. Òun ni onílé àkọ́kọ́ tó ní kí n jókòó ní ìlú yẹn. Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ pé òun ni òun ń fún èkúté náà ní bisikíìtì, ìdajì lára tòun, ní gbogbo aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

"Òun, ó kéré tán, máa ń wá," ó ní.

Mo dẹ tàkúté mẹ́ta, nítorí iṣẹ́ niṣẹ́. Mo dí ihò tó wà lẹ́bàá páìpù. Ní ọjọ́ kẹta mo padà lọ gbé òkú rẹ̀. Ìyá àgbà náà wà nídìí tábìlì, ìdajì bisikíìtì wà nínú àwo níwájú rẹ̀, kò sì fi tíì lọ̀ mí mọ́. Inú ọkọ̀ ni mo ti pe ìyá tèmi, kò wọlé. Iná kò sí ní Ìbà, fóònù rẹ̀ ti kú.

Lásìkò tí ara rẹ̀ ṣì dá, tí mo bá pè, kí n tó lanu ni ìyá mi á ti máa kì mí. Á kì mí láti orí dé ẹsẹ̀, á kó oríkì tèmi mọ́ ti ìdílé bàbá mi, lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tó bèèrè bóyá mo ti jẹun. Nínú gbogbo ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn nìkan ni mo fi ń jẹ́ ẹnì kan.

Ọdún kẹta ni nǹkan náà bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní mo ti jẹun. Ó tún bi mí. Ó tún bi mí. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni Ṣadé pè mí, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ara ilé gbọ́. Ó ní ìyàwó sójà kan ti dá yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ padà. Màmá rán apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ kan náà.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ìgbàgbé àgbà ni, pé kò sí òògùn tó lè dá ohun tó ti lọ padà, àfi èyí tó lè fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Ṣadé ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni dírọ́ọ̀mù. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ra táǹkì oníke, àmọ́ Màmá kò gbà kí wọ́n da omi dírọ́ọ̀mù àtijọ́ yẹn nù, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ló ń fọ̀ ọ́, pé yóò fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

"Bọ̀dá mi, ẹ wá báyìí," Ṣadé wí. "Ó ṣì mọ̀ yín. Mi ò lè sọ pé títí dìgbà wo."

Èmi náà fẹ́ lọ. Ohun tí mo ń fẹ́ láyé kò ju ìyẹn lọ mọ́, kí n dé Ìbà nígbà tí ìyá mi ṣì mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kọ pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa gbé ìlú náà lọ wà lọ́dọ̀ ìjọba, pásípọ́ọ̀tì mi wà lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú. Mo lọ bá lọ́yà. Ọmọbìnrin kan ni, ó ṣe jẹ́jẹ́ sí mi. Ó ní tí mo bá fi ẹsẹ̀ kan jáde kí èsì tó dé, ìwé náà ti parẹ́ nìyẹn, ilẹ̀kùn ti tì. Mo bi í pé ìgbà wo ni èsì ń dé. Ó ní ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó lè jẹ́ ọdún tó ń bọ̀. Òògùn Màmá ń bẹ lọ́rùn mi, Ṣadé kò níṣẹ́ gidi kan lọ́wọ́, n kò sì ní ibòmíràn tí mo lè dúró sí láti máa gbọ́ tiwọn. Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé tí òtútù bá lọ, mo ń bọ̀. Ó ní ó dára, ó ní kí n rọra.

Kò pẹ́ sí Kérésìmesì ni mo rí ìyá agbọ́n. Wọ́n rán mi sí àjà ilé ńlá kan láti wo ohun tí èkúté jẹ níbẹ̀. Bí mo ṣe gbọn kọ́tìnnì àtijọ́ kan tí wọ́n ká síbẹ̀, mo rí i láàárín ìṣẹ́po rẹ̀. Agbọ́n kan ṣoṣo ni, ó tóbi ju irú tirẹ̀ lọ. Ó ká ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ abẹ́ ara, ó fi ẹnu bu aṣọ náà mú, kò mira. Mo rò pé ó ti kú. Kẹ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní kò kú. Ó ní gbogbo agbọ́n yòókù ló ń kú tí òtútù bá dé, ìyá wọn nìkan ló ń sá pamọ́ bẹ́ẹ̀, oyún ọdún tó ń bọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Òtútù kọ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ooru ni. Tí ooru ilé bá tàn án jẹ, tó jí ṣáájú àsìkò, kò ní í rí òdòdó kankan níta, ebi ni yóò sì pa á.

Mo rọra ká kọ́tìnnì náà padà bí mo ṣe bá a. Kẹ́n pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà tí a fi ń padà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń rò. Ìwọ náà fi ẹnu bu aṣọ mú, má mira, má jí ṣáájú àsìkò. Mo fi agbọ́n ṣe wòlíì. N kò rántí nígbà náà pé agbọ́n kò ní ìyá tó ń gbàgbé rẹ̀ nílé.

Ní oṣù kìíní, mo pè, n kò gbọ́ oríkì.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" ìyá mi bèèrè.

Mo ní èmi ni. Ó ní èmi wo. Mo dárúkọ ara mi fún ìyá tó sọ mí ní orúkọ náà. Ìró máṣíìnì rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́. Ṣadé ló sọ ọ́ láti ẹ̀yìn pé, "Màmá, wolé-wolé yín ni." Kíá ni ohùn rẹ̀ yí padà. "Ọmọ mi wolé-wolé!" ó ní. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Èmi àti Ṣadé jọ rẹ́rìn-ín, a jọ sunkún díẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbé fóònù fún Ṣadé, nítorí a rò pé a ti rí kọ́kọ́rọ́.

Láti ọjọ́ náà lọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń wọlé sí i. Tó bá ti gbé fóònù, n kì í dárúkọ mọ́, n kì í sọ pé ọmọ yín ni. Èmi ni wolé-wolé yín, Màmá. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣiṣẹ́ fún mẹ́ta. Iṣẹ́ ọwọ́ ara mi ni, n kò rí ẹlòmíràn dá lẹ́bi. Irọ́ tí mo pa láti bo ìtìjú mi, èmi fúnra mi ni mo ń rọ ọ́ sí i létí lójoojúmọ́ bí òògùn, títí gbogbo nǹkan tó kù nípa mi lọ́kàn rẹ̀ fi di ọ̀rọ̀ kan yẹn.

Ní ìparí oṣù kejì, mo sọ gbólóhùn mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìyá mi fi pẹ̀lẹ́ dáhùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Ẹ. Ìyá mi pè mí ní ẹ. Ẹni tó bí mi, tó ń pè mí ní ìwọ láti inú aṣọ ìlédìí, ń bu ọlá fún mi bó ṣe máa ń bu ọlá fún ọ̀gá sójà tó bá ya ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ti gbọ́ èébú ní ìlú òyìnbó. Kò sí èyí tó dùn mí bí ẹ kékeré yẹn. Mo rántí pé mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé kan tí mo wá dẹ òògùn aáyán sí, onílé sì ń bi mí bóyá òórùn òògùn náà ló mú mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún pè wá sí ilé ńlá yẹn. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná lọ sí àjà nítorí pé wọ́n fẹ́ kun ibẹ̀ ní ọ̀dà. Yìnyín ṣì wà lórí òrùlé. Mo lọ tààrà sí ìdí kọ́tìnnì náà, mo tú u, kò sí nǹkan kan nínú ìṣẹ́po rẹ̀. Ìdí gíláàsì fèrèsé òrùlé ni mo ti rí i, ó dojú délẹ̀, ó ti gbẹ. Ó ti fò lọ síbi ìmọ́lẹ̀, gíláàsì ló sì bá pàdé. Mo gbé e sínú àpò bí mo ṣe ń gbé gbogbo òkú yòókù.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà ìjọba dé. Wọ́n ní mo lè dúró, wọ́n ní mo lè lọ kí n sì bọ̀. Kẹ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì fún mi láyè kí n lọ rí ìyá mi. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́rin ṣọ́nà dé rèé, n kò sì rí inú tí mo fẹ́ fi dùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni mo sọ̀ kalẹ̀ ní Ìyànà Ìbà. Ooru bò mí, ariwo bò mí, bàbá olóògùn eku kan ń kọjá lọ pẹ̀lú gbohùngbohùn rẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo gun kẹ̀kẹ́ wọ inú Ìbà. Nítorí oòrùn, mo dé fìlà. Ṣòkòtò kakí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni mo wọ̀, nítorí pé àpò rẹ̀ pọ̀ fún ìrìn àjò, tọ́ọ̀ṣì iṣẹ́ mi sì wà nínú ọ̀kan lára wọn. Ohun tí mo wọ̀ kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Ìyá mi jókòó ní fàráńdà nídìí máṣíìnì. Ó ti rù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ pẹ́dáàlì, kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ṣadé ló kọ́kọ́ rí mi, ayọ̀ kò sì jẹ́ kó ro ohun tó fẹ́ sọ.

"Màmá, ẹ wo ẹni tó dé," ó ní. "Wolé-wolé yín ti dé."

Ìyá mi gbé ojú sókè. Ó wò mí láti fìlà dé bàtà. Mo rí i tí ẹ̀rù mú un. Kí ẹnikẹ́ni tó lè gbá a mú, ó ti dìde nídìí máṣíìnì, ó ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ẹ má mú mi lọ sí kóòtù. Ọmọ mi ló máa ń bá mi fọ dírọ́ọ̀mù yẹn. Kò sí nílé."

Ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Mo ju àpò sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì kan náà kí orí mi lè wà nísàlẹ̀ orúnkún rẹ̀, mo ń wí pé èmi ni, Màmá, èmi ni. Ìyẹn ló tún wá dẹ́rù bà á jù. Ó ń fi orúnkún sún sẹ́yìn, ó ń wo ojú Ṣadé kó gba òun. Ṣadé fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo dìde. Mo ṣe ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo yọ tọ́ọ̀ṣì mi, mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé níbi tí dírọ́ọ̀mù wà, mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo tan iná sí i. Inú rẹ̀ ti yọ̀, ó ti di aláwọ̀ ewé. Tanwíji kún inú omi náà bámúbámú, wọ́n ń jó nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi dúró lẹ́yìn mi níbi tó máa ń dúró sí ní gbogbo Sátidé, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo dé e padà.

"Ó mọ́, Màmá," mo wí.

"Ẹ ṣé, sà. Ọlọ́run á bù kún yín." Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó fi etí ìró nu àga oníke kan, ó tì í sọ́dọ̀ mi. "Ẹ jókòó, ẹ dúró de ọmọ mi. Ó ń bọ̀. Ó ní tí òtútù bá lọ, òun ń bọ̀."

Mo jókòó. Ṣadé gbé omi wá fún mi bí a ṣe ń gbé e fún àlejò. Ọmọńlé kan jáde sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù fàráńdà. Ìyá mi padà sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó kọjú sí ojú ọ̀nà, èmi náà kọjú síbẹ̀, àwa méjèèjì sì jọ ń retí mi.